Bí A Ṣe Ń Wa Golf 5 GTI Wò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Kí A Tó Sanwó Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré tó lágbára, irú èyí tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè tí kò sì ní ìdí gígùn, Golf GTI sì ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Ọdún 1975 ni Volkswagen kọ́kọ́ gbé e jáde fún aráyé rí ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1976 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 1.6 tó ní agbára ẹṣin 110. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí ni ìran karùn-ún, tó jáde ní 2004, nítorí pé ó ti pẹ́ tó kí owó rẹ̀ wálẹ̀, ó sì tún lágbára tó kí ó dùn ún wà títí dòní. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.0 tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì), agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 200, ipá tó fi ń fà sì jẹ́ 280 Nm láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí ní 1,800 títí dé 5,000 ní ìṣẹ́jú kan.

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti jókòó sínú irú ọkọ̀ yìí, ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n ń forí lé tààrà. Wọn a tẹ iná mọ́ ọn, ara wọn a yá, wọn a sì padà wá ka owó sílẹ̀. Eré ni ohun tó kéré jù lọ tí ó lè sọ òótọ́ fún yín nípa ọkọ̀ náà. Golf 5 GTI tí ìdajì ara rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣì lè sáré dé 140 kìlómítà ní wákàtí kan láìsí wàhálà, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní fura. Ibi tí àṣírí rẹ̀ ti ń tú ni ìgbà tí ó tutù, ìgbà tí ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín ìlú, orí ọ̀nà tí ọ̀dà ti bó, àti inú ìyànà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà márosẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń ra ọkọ̀ kìkì nítorí kí àwọn ará régbérégbé rẹ̀ lè rí i bí Ojúde Ọba bá dé, kò nílò gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ó lè fi ojú yàn án.

Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná

Ẹ pe òǹtajà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì fi ohùn ọ̀wọ̀ bá a sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan án kí n tó dé." Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, ẹnì kan ti mú un gbóná dè yín, ó sì ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ní kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà tutù kí ẹ padà wá ní ọ̀sán, tàbí kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dásíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, kí ẹ má sì tíì tan ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí iná ẹ́ńjìnnì, iná EPC (ti ìdarí agbára ẹ́ńjìnnì), iná ABS (ti bíréèkì), iná ESP (ti ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀) àti ti airbag tàn lákọ̀ọ́kọ́. Iná tí kò bá tàn rárá burú ju iná tí kò kú lọ, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí wọ́n ti dí i kí ẹ má baà rí i. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó tan án. Ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan àkọ́kọ́, ìyípo ẹ́ńjìnnì a ga díẹ̀, lẹ́yìn náà a sì rọlẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n, tí ó ń fẹ́ kú, tí ara rẹ̀ sì wá balẹ̀ lẹ́yìn tó gbóná, ó lè jẹ́ pé èéfín dúdú ti dì mọ́ àwọn fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, nítorí pé inú ẹ́ńjìnnì gan-an ni epo ń dà sí nínú ọkọ̀ yìí, kì í gba ara fáàfù kọjá kí ó fọ̀ ọ́ mọ́. Ó sì lè jẹ́ kọ́ìlì tàbí pílọ́ọ̀gì, èyí tí owó rẹ̀ kò tó ti fáàfù fífọ̀.

Ẹ wo ẹnu sáléńsà. Ooru funfun fẹ́ẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kì í ṣe nǹkan; èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí a máa jẹ ọ́ìlì díẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ kí ẹ sì wo ibi tó dé. Ẹ béèrè irú ọ́ìlì tí wọ́n ń rọ sí i. Ọ́ìlì tí Volkswagen fọwọ́ sí fún un máa ń ní nọ́ńbà 502.00 tàbí 504.00 lára ike rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé nọ́ńbà kan wà tẹ́lẹ̀ kò tọ́jú ọkọ̀ náà dáadáa.

Ohun kan wà tí etí kò lè gbọ́ tí ojú gbọ́dọ̀ rí. Irin kékeré kan wà láàárín kamúṣáàfù (ọ̀pá tó ń ṣí àwọn fáàfù) àti pọ́ǹpù tó ń ti epo pẹ̀lú agbára ńlá. Irin yìí a máa jẹ, bí ó bá sì jẹ tán, yóò ba kamúṣáàfù jẹ́, pọ́ǹpù náà á sì bá a lọ. Ẹ mú mẹkáníìkì tó mọ Volkswagen dání kí ó yọ pọ́ǹpù náà, kí ó sì fi irin yìí hàn yín ní ojúkojú. Bí òkè rẹ̀ bá ṣì dúdú tí ó sì ń dán, ó dára. Bí àwọ̀ dúdú rẹ̀ bá ti bó tí ojú rẹ̀ sì ti jìn wọnú, àfi kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ọkọ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Bí kò bá sí ìdáhùn tó múná dóko, ẹ ka bẹ́líìtì náà sí èyí tí ẹ máa pààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú Golf 6 GTI wá bá dípò ti 5 kò ní rí bẹ́líìtì, ṣéènì ni ó ní, ìró gàrà-gàrà tó bá sì wáyé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tan án ní òwúrọ̀ jẹ́ àmì pé ohun tó ń di ṣéènì náà mú ti ń kú lọ. Ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

Láàárín ìlú

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ ní àdúgbò, ìbáà ṣe Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí àárín ọjà Ṣágámù, níbi tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá kò ti ní jẹ́ kí ẹ sáré bí ẹ tilẹ̀ fẹ́. Ó ṣàǹfààní púpọ̀, nítorí pé tọ́bò àti ọ́ìlì tó tutù kò yẹ kí a fi ipá mú, àti pé dídúró-lílọ yìí gan-an ni ó ń fi ìwà jíà hàn.

Irú jíà méjì ni ọkọ̀ yìí ní. Ọ̀kan ni èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Èkejì ni DSG, tó ń yí ara rẹ̀. Mẹ́fà-mẹ́fà ni ipele àwọn méjèèjì. Inú ọ́ìlì ni kúlọ́ọ̀ṣì méjì DSG wà. Ọ̀kan ń bójú tó ipele kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti rìfáàsì, èkejì sì ń bójú tó ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà, tó fi jẹ́ pé ipele tó kàn ti wà ní sẹpẹ́ kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí DSG tó dára kì í fi í fa ènìyàn síwá-sẹ́yìn bí ó bá ń yí. Aago ìyípo ẹ́ńjìnnì nìkan ni ẹ máa rí tí ó wálẹ̀. Èyí tí kò dára a máa já ènìyàn jù síwájú láti kìíní sí ìkejì, a máa gbọ̀n bí ẹ bá ń rá díẹ̀díẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó dáhùn bí ẹ bá ti gbé e láti D (síwájú) sí R (rìfáàsì). Ẹ gbìyànjú D sí R yìí lọ́pọ̀ ìgbà ní ibi tó tẹ́jú, kí ẹ sì tún ṣe é lórí òkè díẹ̀. Gbogbo 60,000 kìlómítà ni ó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì DSG. Láàárín àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, ìbéèrè yìí ni wọ́n kórìíra jù, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti bi wọ́n.

Ní ti èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, ẹ fi í sí ìkẹrin nígbà tí ẹ bá ń lọ ní nǹkan bí 50, kí ẹ wá tẹ tọ́tù (ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) dáadáa. Bí ìyípo ẹ́ńjìnnì bá fò sókè tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, kúlọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn èyí ju DSG lọ fún ìlú wa, kì í ṣe nítorí pé ó dùn jù, bí kò ṣe pé mẹkáníìkì tó lè tún un ṣe kò ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀rọ iná ló ń ran sítíárìn lọ́wọ́, nítorí náà ó fúyẹ́ púpọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, a sì máa wúwo sí i bí eré bá ti ń pọ̀. Bí ó bá wúwo lójijì láàárín ìlú tàbí tí iná sítíárìn bá yọ, ohun tó ń náni lówó ló dé yẹn. Ìjókòó iwájú ọkọ̀ yìí wà lára ohun tó mú un yàtọ̀ sí Golf lásán: ó di ìhà méjèèjì mú, kò sì jẹ́ kí ènìyàn yẹ̀. Ẹ wo etí ìjókòó awakọ̀ ní apá tí a ń gbà wọlé. Bí ó bá ti gbó gan-an tí aago sì ń sọ pé ọkọ̀ náà kò tíì rìn jìnnà, ìjókòó ni kí ẹ gbà gbọ́.

Lórí ọ̀nà tí kò dára

Ibí ni ó yẹ kí ẹ ti pẹ́ jù. Ríìmù 17 ni ọkọ̀ yìí sábà máa ń ní, pẹ̀lú táyà 225/45, èyí tó túmọ̀ sí pé gíga rọ́bà tó wà láàárín ríìmù àti ilẹ̀ kò ju mílímítà 101 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fáàrí a fi ríìmù 18 sí i pẹ̀lú 225/40, gíga rọ́bà a sì wálẹ̀ sí 90. Ní ojú ọ̀nà Jámánì, kò sí ìṣòro. Ní òpópónà tí omi òjò ti gbẹ́ kòtò sí, ríìmù ni yóò gba ìyà náà. Ẹ fi ojú àti ọwọ́ wá ibi tí ríìmù ti tẹ̀ tàbí tí ó ti sán, pàápàá ní apá inú tí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kò lè rí. Ara táyà ni nọ́ńbà mẹ́rin wà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319, fún àpẹẹrẹ, ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà mẹ́rin tí orúkọ wọn yàtọ̀ síra jẹ́ àmì pé kòbọ́-kòbọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú ọkọ̀ náà.

Ẹ pa rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà ní 20 sí 30 kọjá lórí ibi tí ọ̀dà ti bó. Ara ọkọ̀ yìí le láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá, ẹ ó sì mọ gbogbo òkúta tí ẹ bá gùn. Ẹ má kà á sí àìsàn. Ohun tí ẹ ń wá ni ìró. Ìró kò-kò-kò láti iwájú, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, a máa wá láti búṣìn (rọ́bà oríkèé) apá ìsàlẹ̀ tàbí ọ̀pá kékeré tó so mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Ìró gíndìn kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ láti orí bọ́ńpù a máa jẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì tó ti kú tàbí orí ṣọ́ọ̀kì tó ti jẹ. Ìró láti ẹ̀yìn ṣòro díẹ̀ láti wá, nítorí pé Golf 5 ni Golf àkọ́kọ́ tí ọ̀pá púpọ̀ mú táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan dání, gbogbo wọn ló sì ní búṣìn tiwọn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn kí ó máa gbọ́, bí ẹ bá sì padà, kí ẹ fi jáàkì gbé e kí mẹkáníìkì mi táyà kọ̀ọ̀kan jìgìjìgì.

Bọ́ńpù tún ní iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí 20, tí iwájú sì mọ́, ẹ fi jíà sí ìkejì kí ẹ tẹ tọ́tù dé ìdajì. Ọkọ̀ á lọ́ra díẹ̀, lẹ́yìn náà, bí aago ìyípo ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá 1,800, ẹ ó mọ̀ ọ́n ní ẹ̀yìn yín pé nǹkan kan ti dé. Ìgbà tí ó yẹ kí inú yín dùn nìyẹn. Bí ipá náà kò bá dé, tí ẹ sì ń gbọ́ ìró ṣíì-ì láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà inú fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ tọ́bò sílẹ̀ ti ya. Àìsàn tó wọ́pọ̀ ni, kò sì gbówó púpọ̀, ṣùgbọ́n òǹtajà tó bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú. Táyà iwájú ni gbogbo 280 Nm yẹn ń gbà kọjá, nítorí náà sítíárìn a máa fà sí ọ̀tún tàbí òsì díẹ̀ bí ẹ bá tẹ iná lójijì. Fífà díẹ̀ jẹ́ ìwà rẹ̀, fífà tó máa ń gba ọwọ́ yín lọ jẹ́ ti búṣìn tàbí táyà tí kò bára mu.

Nínú ìyànà

Ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ra GTI dípò Golf lásán wà nínú ìyànà. Ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Òrù àti Àgọ́-Ìwòyè dára fún un ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì pọ̀; àwọn ará Rẹ́mọ lè gba Ìpẹru, Ìlíṣàn àti Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ má ṣe wá eré níbí rárá. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé ìyànà, kí ẹ tú bíréèkì sílẹ̀, kí ẹ yí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì máa tún un yí láàárín ìyànà.

Ọkọ̀ tó pé a yí ní ìwọ̀n tí ẹ yí i gan-an, ara rẹ̀ kò ní dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jù, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tẹ̀lé iwájú láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gùn kòtò kékeré kan láàárín ìyànà, ó yẹ kí ó mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì dúró. Èyí tó bá mì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti lọ. Èyí tí iwájú rẹ̀ bá ń sún síta kúrò lójú ọ̀nà tí ẹ yàn fún un bí ẹ kò tilẹ̀ sáré, táyà rẹ̀ ti gan tàbí ìgúnrégé táyà rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ fi etí sí ìró wùù-ùn tó ń pọ̀ sí i bí ẹ bá yí sí apá kan tí ó sì ń dín kù bí ẹ bá yí sí èkejì, bẹ́ríìnì táyà ni.

Ọ̀nà márosẹ̀

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé ìkòríta Ṣágámù lórí ọ̀nà Benin ti tó. Òfin FRSC fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni 100 lórí ọ̀nà márosẹ̀ àti 50 láàárín ìlú, ohun gbogbo tí ẹ sì ń wá lọ́dọ̀ ọkọ̀ yìí á ti hàn kí ẹ tó dé 100. Ní ipele kẹfà ní eré yẹn, ẹ́ńjìnnì ti kọjá 1,800 tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ kò nílò láti já jíà sílẹ̀ kí ẹ tó kọjá tírélà. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Bí ó bá ń já lójú ọ̀nà, tí iná ẹ́ńjìnnì sì ń tàn-kú-tàn-kú, kọ́ìlì tàbí epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ibi tí kò bá sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín rárá, ẹ fi bíréèkì mú un láti 80 sí 20, kí ó le díẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí táyà dúró pátápátá. Dísìkì iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 312, ó sì yẹ kí ó mú un láìfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan. Sítíárìn tó bá ń gbọ̀n lásìkò yìí nìkan, dísìkì ló ti tẹ̀. Èyí tó bá ń gbọ̀n ní 90 láìsí bíréèkì, ríìmù tàbí báláǹsì ni. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gba wáńwéè bọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí tọ́bò lè tutù, kí amúlétutù sì wà ní títàn. Abẹ́rẹ́ ooru Volkswagen a máa dúró gangan ní 90 bí ooru tilẹ̀ ń lọ sókè sódò díẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí i tí ó kọjá ibẹ̀, ooru náà ti pọ̀ jù ná. Bí ẹ bá pa á tí fáànù ṣì ń yí, ẹ má bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe. Ẹ wo omi inú ike róbótó tó wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì láìṣí i nígbà tó gbóná: ó yẹ kí àwọ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Omi tó ti di àwọ̀ ilẹ̀ jẹ́ omi ẹ̀rọ lásán tí wọ́n ń bù sí i, ìpẹtà ti wà nínú rédíétọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni kí wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe àṣìṣe tó bá kọ nìkan ni kí ẹ wò. Bí ẹ̀rọ náà bá sọ pé ọkọ̀ kò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀, ó sábà túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn àṣìṣe rẹ́ tàbí tú bátìrì láìpẹ́ yìí, bóyá ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ wa ọkọ̀ náà sí i ní ọjọ́ kejì kí ẹ sì tún kà á. Òǹtajà tó bá sọ pé òun kò ní gba ìyẹn, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un.